Àwòrán Tí A Yà Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Kì í ṣe ìwàásù ni mo mú wá sí ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kátíkíìsì ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí mọ́. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ bá yín sọ, àwòrán tí èmi àti àwọn àbúrò mi yà ní ìta gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, láti fi ta ìyá wa lọ́rẹ nígbà tí ó pé ẹni 80 ọdún. Mo sì ní ohun kan láti jẹ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Àwòrán kan ti wà ní ilé wa ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1981. Ayafótò kan tí ó máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò ni ó yà á fún wa ní iwájú ilé, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti ti ilé Ọlọ́run dé ní ọ̀sán gangan. Bàbá wa jókòó ní àárín, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orí eékún, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ó kọjú sí adájọ́. Ìyá wa jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé àbúrò wa obìnrin lé ẹsẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún 9, dúró lẹ́yìn bàbá. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, dúró lẹ́yìn ìyá. Gbogbo wa ni a fajú ro, nítorí oòrùn ń gún wa lójú. Òjìji fìlà bàbá bo ojú rẹ̀ dé imú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí kò lè sọ irú ojú tí ó ní. Ìyá wa a máa wo àwòrán náà, a sì wí pé, "Ẹ wò wá bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó."

Ẹ má bá ayafótò náà wí jù. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti jẹ́ ẹrú oòrùn. Nígbà tí a fi ọgbọ́n tí Louis Daguerre, ará Faransé, rí han gbogbo ayé ní ọdún 1839, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a ya òun ní láti jókòó gbọnin nínú ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó bá mira, ojú rẹ̀ a dà rú. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan? Ẹ̀rọ ti yára lóde òní, ṣùgbọ́n ìjókòó àwọn àgbà wa kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ nìkan. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayafótò ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé ní ọdún 1978 nípa bí àgbà ti máa ń jókòó fún àwòrán nílẹ̀ wa: a kọjú síwájú, a gbé ọwọ́ lé eékún, a tẹ́ aṣọ dáadáa, ìjókòó ẹni tí ó mọ ipò ara rẹ̀. Bí bàbá wa ti jókòó gan-an nìyẹn.

Ọkùnrin yìí kan náà sọ nípa àwòrán ìbejì tí ó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayafótò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò mi orí sí èyí. Èmi kò mi orí. Ìyá tí ó ń fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ méjì pọ̀ ni mo rí nínú rẹ̀, irú ìyá bẹ́ẹ̀ sì wà ní ilé wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì wà láàyè.

Bàbá wa lọ sinmi ní ọdún 2009. Ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwa ọmọ. Ní ọdún 2015, nígbà tí òrùlé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo ta ìdajì ilẹ̀ náà láti fi tún un ṣe. Iṣẹ́ rere ni mo pè é, òrùlé náà kò sì jò mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò bi àbúrò mi ọkùnrin léèrè títí owó fi wọ ọwọ́ mi. Nígbà tí ó gbọ́, ó wá láti Ìbàdàn, ó wo òrùlé tuntun náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ta èmi náà mọ́ ọn." Mo bínú. Mo ní ṣé èmi kọ́ ni àkọ́bí ni? Láti ọjọ́ náà, fún ọdún méje, kíkí wa kò ju èyí tí àwọn èrò ọ̀nà ń kí ara wọn. Bí Kérésìmesì bá dé, òun a wá kí ìyá ní òwúrọ̀, èmi a wá ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wa a sì máa se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra fún ìdàpọ̀ mímọ́ ní ìtàn Jákọ́bù àti Ísọ̀, bí wọ́n ti dì mọ́ ara wọn. Mo mọ̀ ọ́n kọ́ni dáadáa.

Àbúrò wa obìnrin ni ó bi ìyá léèrè ohun tí ó ń fẹ́ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó rò pé yóò dárúkọ aṣọ. Ìyá ní, "Aṣọ kún inú àpótí. Ẹ bá mi wá àwòrán tí ojú gbogbo yín yóò hàn nínú rẹ̀." Ọmọbìnrin yìí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa jiyàn. Ó kàn ránṣẹ́ sí èmi àti èkejì mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé kí a wá sí ilé ní Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, pẹ̀lú aya àti ọmọ, nínú léèsì funfun. Ó mọ̀ pé ìyá yóò wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di ọ̀sán. Kò sọ fún èmi pé àbúrò mi ń bọ̀. Kò sì sọ fún un pé èmi ń bọ̀.

Ayafótò tí ó mú wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo fẹ́ kí a dúró ní iwájú ilé bí ti ọdún 1981. Ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó rìn yí igi máńgòrò tí bàbá wa gbìn sí ẹ̀yìn ilé ká, ó ń wo ilẹ̀, kò wo igi. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí a bá wọ abẹ́ igi jù, ìmọ́lẹ̀ tí ń jò láàárín ewé yóò kán sí wa lójú tóótòòtó bí ẹni tí ìgbóná mú. Bí a bá sì jáde sí oòrùn pátápátá, ojú wa yóò pa dé. Ibi tí òjìji parí sí gan-an ni kí a dúró, kí a kọjú sí ìta tí ó mọ́lẹ̀. Ọyẹ́ ti mú ní àkókò náà, eruku rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run bí aṣọ funfun, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀. Ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni fún ayafótò, bí ó tilẹ̀ ń ta wá ní ètè.

Ohun tí ó sọ nípa léèsì funfun wa ni n kò gbọ́ rí. Ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Bí ó bá rí funfun púpọ̀, a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a sì dín in kù. Aṣọ a dára, ojú àwa aláwọ̀ dúdú a wá di èédú. Nítorí náà ojú wa ni ó fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Ẹ rántí èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àǹkóò funfun. Ó mú kí a kó aṣọ kúrò lórí okùn, kí a gbé kẹ́ẹ̀gì omi pamọ́, kí a sì lé ewúrẹ́ aládùúgbò wa, tí ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé.

Àwa 13 ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi wọlé tí ó sì rí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé yóò padà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì di dandan kí òun náà kí mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ ohunkóhun. Ó béèrè pé ta ni àkọ́bí, ta ni ó tẹ̀lé e, ó sì tò wá ní ẹ̀gbẹ́ ara wa gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti bí wa. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ ara yín." Mo sún díẹ̀. Àbúrò mi kò sún. Ó tún wò, ó ní, "Bàbá, àlàfo wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì kù tí kò tíì dé." Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Àbúrò wa obìnrin ń wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ti wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà méjì, wọ́n sì lọ lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń bẹ̀ wá nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì sí bí a ti lè bá a jiyàn. Àbúrò mi sún. Apá aṣọ rẹ̀ kan tèmi. "Ó dára. Ẹ gbé ọwọ́ lé wọn léjìká, bàbá."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Egungun ni ọwọ́ mi bá. N kò mọ̀ pé ó ti rù tó bẹ́ẹ̀. Agbádá ti ń bò ó fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń wò ó láti òkèèrè. Ojú mi ń wo iwájú, mo sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi."

Òun náà kò yíjú. Ó ní, "Ẹ wo iwájú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń yà wá."

Ó yà wá tó ogún ìgbà, nítorí nínú ènìyàn 13, ẹnì kan kò ní ṣàì pa ojú dé. Lẹ́yìn náà èmi àti àbúrò mi jókòó lórí gbòǹgbò igi náà títí ọ̀sán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni ó ń bá a jà láti ọdún tí ó ṣáájú, ó ti sùn ní ilé ìwòsàn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ìṣirò owó ilẹ̀ náà, mo ṣe é fún un lójú aya wa méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í san ìpín rẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì, a jọ wọlé tọ ìyá lọ ní ọ̀sán. Ó wò mí, ó wò ó, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ké sí ọmọ tí ó wà ní ilé ìdáná pé kí ó sọ ìkòkò kejì kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa títọ́jú àwòrán fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bí a ti ṣe. A tẹ tiwa ní ínṣì 16 sí 20, sórí ìwé tí kì í dán, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa kọ mọ̀nà lójú àgbàlagbà. A fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ yíká, kí àwòrán má baà fi ara kan gíláàsì. Ti ọdún 1981 kò ní irú páálí bẹ́ẹ̀; ọ̀rinrin òjò lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, nígbà tí a sì gbìyànjú láti yọ ọ́, bàtà òsì bàbá wa kò bá a jáde. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ń tàn sí, nítorí yóò ṣá. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ènìyàn àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ara yín nísinsìnyí. Ọmọ ọmọ yín lè má mọ̀ yín.

Ní ọjọ́ ìbí ìyá, ọjọ́ 28 oṣù náà, a gbé àwòrán náà síwájú rẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wa láti apá òsì, pẹ̀lú oríkì olúkúlùkù. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi ìka sí ibi tí ọwọ́ mi wà ní èjìká àbúrò mi, ó sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó gbé ìka náà kúrò. Gbogbo wa ti ń múra ẹkún. Ó wá gbé ojú sókè, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ta ni ó lé mi kúrò nínú ìdílé mi?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà: nínú àwa 13, kò sí ẹnìkan tí ó ro ó. Nítorí kí ẹ̀bùn náà lè jẹ́ ìyàlẹ́nu, a fi olórí ìdílé sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn obìnrin.

A tún pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, lábẹ́ igi kan náà. Ìyá wa jókòó ní àárín, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé eékún gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti ṣe, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yan ibi tí olúkúlùkù yóò dúró. Èyí ni ó wà ní yàrá ìgbàlejò fún àwọn àlejò. Ti àkọ́kọ́, tí òun kò sí nínú rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá ara rẹ̀, ó sì fi í sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti bá a bí ó bá jí. Mo bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ó ń nù ún. Ó ní bí bàbá yín bá rí èyí, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí ó san owó ayafótò.

Mo sọ fún un pé àbúrò mi ni.