Abọ́ Ìrẹsì Ọdún Kérésìmesì

Nínú ìwé A Christmas Carol tí Charles Dickens gbé jáde ní 1843, ahun tó ti ní kí tálákà máa lọ sí ẹ̀wọ̀n ronú pìwà dà. Ó fi tòlótòló ránṣẹ́ sí akọ̀wé rẹ̀, kò sì jẹ́ kó mọ olóore.

Ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Ọmọ tó gbé ìrẹsì Kérésìmesì dé ilé Mùsùlùmí a ní, "Ìyá mi ní kí n gbé e wá." Bó bá di Iléyá, ẹran ni yóò bá abọ́ padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tí kò rí àgbò pa ńkọ́? Ìyá aláròjinlẹ̀ a fúnra rẹ̀ gbé e lọ ní àṣálẹ́, a dà á sínú abọ́ opó náà, a sì mú tirẹ̀ padà lófìfo.