Ọmọ Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, mo wà lára àwọn ọmọ Ilé-Ogbó tí wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì. Ọwọ́ mi ò fẹ́ẹ́ tó o, mo dọ́gbọ́n tẹ ọrùn díẹ̀, wọ́n gbà mí. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún náà. Mo ti ronú sẹ́yìn títí, n ò rántí ẹyọ ọmọ kan ní kíláàsì wa tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò sí. Inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà.

Àbúrò ìyá mi, tó ń ta gààrí, bí ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 1970. Ọmọ náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ fi pọ́n bí epo, tí kò mu ọyàn mọ́. Ibà pọ́njú ni. A fún un lágbo, àfáà fún un ní hàntú. Ibà lọ, àmọ́ ọmọ ò jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, ọdún mẹ́fà ni kó tó rìn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì ju mẹ́fà méje lọ. Lónìí, àwọn dókítà á ní bí ibà yẹn bá pọ̀ lára ìkókó, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Wọ́n á tún kìlọ̀ pé kí ìyá má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ò gbà á. Ta ló sọ fún wa nígbà náà? Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn bí àbúrò ìyá mi bá ṣí àpótí aṣọ.

Wọ́n pe ọmọ náà ní dìndìnrìn. Àwọn àgbà kan rọra ń sọ pé ẹni òrìṣà ni, Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tiẹ̀ sàn, a kì í fi ẹni òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí n ò fẹ́ràn ni òwe tí wọ́n fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn bó bá ní kí wọ́n bá òun mójú tó o: ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ó sì pọ̀n ọ́n, tòun tigbá gààrí lórí, títí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń kan ìyá rẹ̀ lórúnkún.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo mú un lọ sílé ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ò ní ká jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, ilé ìwé nibí.”

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe Ìjòkòdó fún mi n'Íbàdàn, níbi tí Ilé Cheshire Olúyọ̀lé tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Leonard Cheshire tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà, ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ju bọ́ǹbù sí Jámánì, ó sì wà nínú bàálù tí wọ́n fi wo bọ́ǹbù Nagasaki lọ́dún 1945. Lọ́dún 1948, ó gba bàbá arúgbó kan tí àrùn ti dá gúnlẹ̀ sínú ilé rẹ̀ ní Hampshire, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ títí bàbá fi kú. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e wá, ilé kan di púpọ̀, ó dé Ìbàdàn, ó dé Mushin. Ẹni tó ti ju bọ́ǹbù ló wá ń palẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ arúgbó mọ́. Ayé ò ṣeé pè lẹ́jọ́.

Obìnrin olùkọ́ kan ní Ìjòkòdó ló là mí lójú. Ó wọ ẹ̀wù fún ọmọ wa, ó di gbogbo bọ́tìnnì, ó ku ẹyọ kan nísàlẹ̀. Ìyẹn náà, ó ti kì í wọ ihò dé ìdajì. Ó ní kí ọmọ fà á yọ. Ó fà á. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tó mọ ìyẹn tán, wọ́n fi ìdajì tó kù sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì kejì láti ìsàlẹ̀. “Ìparí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ,” ló wí, “kí iṣẹ́ lè máa parí sí i lọ́wọ́.” Èmi tí mo ti ń kọ́ni láti ọjọ́ yìí! Ó gbà wá tó oṣù mẹ́rin ká tó dé bọ́tìnnì ọrùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní gààrí wíwọ̀n. Bó bá da kọ́ńgò kan sínú àpò oníbàárà, á sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú igbá. Bí oníbàárà bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, á gbé igbá náà sí i níwájú, kò ní sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1977 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú olùkọ́ tí a bá pàdé ní Ìjòkòdó yẹn, èyí tí a mọ̀ sí FCE Special, Ọ̀yọ́, lónìí. Àwọn ìyá náà sì dìde. Rose Mordi, tí ọmọ rẹ̀ ní àìlera Down, dá àjọ sílẹ̀ l'Ékòó. Dotun Akande, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísìmù, dá ibùdó sílẹ̀ n'Íkẹjà. Wọ́n bímọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n tún bá ẹlòmíràn pọ̀n. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì sọ pé ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ọ̀gá tó lé wa nígbà yẹn ì bá rí i kà.

Àbúrò ìyá mi ti kú. Ọmọ rẹ̀ ti hu ewú, ó ṣì ń wọn gààrí.

Ẹ̀yin ọmọ Ilé-Ogbó tí ẹ ń dáwó nílé lóko, Ọ̀yọ́ ò jìnnà. Ẹ gba olùkọ́ kan wá láti ibẹ̀, kí ẹ máa san owó oṣù rẹ̀. Yàrá tí yóò ti máa kọ́ àwọn ọmọ inú yàrá ẹ̀yìn, mo yọ̀ǹda pálọ̀ mi.