Ahọ́n Ò Mọ Májèlé

Ẹni tó bá dé ọjà Igbókọ̀dá, tó rí ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ògógóró wò láàárọ̀ kùtù, yóò rò pé ọ̀mùtí ni. Rárá o! Iṣẹ́ ni màmá ń ṣe. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti kó kẹ́ẹ̀gì dé, màmá a bu díẹ̀ sínú ìgò, a mì í, a wo ìhó rẹ̀. Bí ìhó náà bá tètè pòórá, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà a fi kan ahọ́n, a tú u dànù, a ní, "Èyí dáa," tàbí, "Ẹ gbé tiyín lọ o!"

Inú àbàtà Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń dá ẹmu ògùrọ̀. Ẹmu yìí ni wọ́n ń sè nínú dírọ́ọ̀mù, tí ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, tí yóò wá máa kán tótó. Àwọn ará Galicia létí òkun Sípéènì náà ní wáìnì funfun tiwọn, Albariño, tí wọ́n fi ń jẹ ẹja. Wọ́n ní ó ń ta iyọ̀ òkun lẹ́nu. Ará Ìlàjẹ tó fi pupuru jẹ ẹja tútù, tó fi ẹmu àárọ̀ sìn ín, kò ní jowú wọn.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà sí Ìlàjẹ. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà Malókun ló bínú, àwọn mìíràn ní oògùn apakoríko ni. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé métánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni.

Àyà màmá já. Métánọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀, ó ń ta lẹ́nu bí ọtí, iná sì ń ràn án. Ahọ́n tó ti fi ṣòwò láti ìgbà ọmọge kò lè dá a mọ̀! Bí irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀, òun náà ì bá ní, "Èyí dáa."

Láti ìgbà náà, kí màmá tó ṣí kẹ́ẹ̀gì, á ti béèrè: "Ta ló sè é? Níbo? Ọwọ́ ta ló gbà kọjá?" Ẹni tí kò bá rí i dáhùn, màmá kì í ra tirẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Àwọn kan ń pè é ní ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń gbé ife kékeré kan lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè bó ṣe dùn tó, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Bí ojú bá sì ń ṣú yín lẹ́yìn ọtí, ẹ má sùn lé e o. Ẹ sáré gba ọsibítù lọ.