Ta Ló Ní SC Fúyẹ́?

Ẹnu àwa tí à ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ti gbọ́ ọ pé nínú àrùn ẹ̀jẹ̀ dòjé, SS ló le, pé SC fúyẹ́. Tèmi ni pé àwa náà ló yẹ ká ṣàtúnṣe rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa kò fìgbà kan wọn bí ìrora ṣe tó. Láti 1910 tí dókítà James Herrick ní Chicago ti kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bí dòjé, ohun tí ojú rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣíwájú wa á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á fi oògùn metabisulphite sí i, wọ́n á dé e pa kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, wọ́n á wá dúró kí ó tẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni AS, tí kò ní àrùn náà, tí ara rẹ̀ sì le koko, náà máa ń tẹ̀, nítorí náà orúkọ kan ṣoṣo ni aláìsàn àti aláìní-àìsàn ń jẹ́. Ní 1949, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná ya hemoglóbìn, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ti aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tí kò ṣàìsàn. Ní 1950 ni àwọn onímọ̀ Itano àti Neel rí hemoglóbìn C. Ní báyìí, à ń fọ ẹ̀jẹ̀, à ń fọ́ ọ, à ń kán an sórí bébà cellulose acetate, a sì ń tan iná sí i: hemoglóbìn A á sáré ṣíwájú, S á tẹ̀ lé e, C á kù sẹ́yìn. Ohun tí bébà náà sọ ò ju irú hemoglóbìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àwọn tó sọ pé SC fúyẹ́ kò parọ́ tán. Lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ SC kì í sábà lọ sílẹ̀ tó ti SS, kíráísìsì rẹ̀, ìrora líle tó máa ń ṣàdédé dé, sì máa ń wọ́n díẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń pẹ́ láyé ju SS lọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ sílẹ̀ yẹn náà ló máa ń ki. Àrùn tó ń ba awọ ìríran tó wà lẹ́yìn ẹyinjú jẹ́ wọ́pọ̀ lára SC ju SS lọ, orí egungun itan lè kú níbi ìbàdí, bẹ́ẹ̀ ni aboyún tí kò ṣàìsàn rí lè ṣàdédé wà nínú ewu. Ẹni tí a ti sọ fún pé tirẹ̀ fúyẹ́, kí ló máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú nígbà tí kò rí ìrora? Àwọn SS alára kò dọ́gba. Ẹni tí hemoglóbìn inú oyún ṣẹ́kù púpọ̀ sí lára máa ń rọ́wọ́ mú ju ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sì lè jẹ́.

Àwọn kan lè ní bí a bá ń sọ báyìí, ẹ̀rù á ba àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Mi ò gbà. AC kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá, síbẹ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bá béèrè ìwé àyẹ̀wò, AS méjì nìkan ni ojú ń wá. AS àti AC tí wọ́n fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SC. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rọ tuntun tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí ti dé. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ SS lára, hemoglóbìn A ti ẹni tó fún un ní ẹ̀jẹ̀ ló máa kà mọ́ S rẹ̀, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí AS. Ìdí rèé tó fi yẹ ká béèrè bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára ká tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù, ọ̀nà sì jìn láti Abigi ní Ogun Waterside. Ìwé kékeré tí a kọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń mú lọ sílé. Kí a kọ ọ́ sí i lábẹ́ SC pé kí wọ́n yẹ ojú wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sọ fún dókítà bí ìbàdí bá ń dùn wọ́n, kí obìnrin sì tètè forúkọ sílẹ̀ bó bá ti lóyún.