Àwòrán Kan Ṣoṣo Lójú Ewé

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀ lónìí.

Nígbà tí ìyá wa jáde láyé, a kó gbogbo àwòrán rẹ̀ jọ, a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé ńlá kan, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lójú ewé kọ̀ọ̀kan, bí èrò ọjà. Ní ọjọ́ kan ni ọmọ wa kékeré ṣí i, ó sì bi wá léèrè pé, "Bàbá, èwo ni Ìyá Àgbà nínú gbogbo wọn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé ọkàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni aáyán rí ìwé náà, nítorí sítáàṣì ni a fi lẹ̀ ẹ́, oúnjẹ sì ni èyí jẹ́ fún wọn. Àwòrán mẹ́rin ni wọ́n bàjẹ́ pátápátá.

A pinnu láti tún ìwé náà ṣe, kí àwòrán ńlá kan ṣoṣo máa gba ojú ewé kan. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa obìnrin fẹ́ èyí tí ìyá wa fi wé gèlè ní ọjọ́ ìkórè. Àwa fẹ́ èyí tí ó jókòó ti ìkòkò aró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò wa ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nínú aṣọ iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí ìyá wa?"

A kó méjèèjì tọ ayàwòrán lọ. Ó ní àwòrán tí kò bá hàn kedere ní kékeré, bí a bá sọ ọ́ di ńlá, àìhàn rẹ̀ ni yóò di ńlá. Ogún ènìyàn ni ó wà nínú ti ọjọ́ ìkórè, ojú ìyá wa kò sì mọ́ níbẹ̀. Ti ìdí aró ni ó sọ di ínṣì 8 ní ìbú àti ínṣì 10 ní gígùn.

Àbúrò wa sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú àjákù aṣọ òkè ọjọ́ ìkórè náà wá. A gé e tẹ́ẹ́rẹ́, a tẹ́ ẹ sí etí ewé náà, a sì fi pépà líle dí àárín kí àwọ̀ rẹ̀ má ba à ran àwòrán. A fi àwòrán sí apá kan, kí ojú ìyá wa lè kọ sí inú ìwé, kí ó má ṣe kọ sí òde. A sì jẹ́ kí àyè òfìfo yí i ká. Igun pépà mẹ́rin ni a fi há a, kì í ṣe sítáàṣì mọ́. Kí a tó há a, a fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán kékeré ti ìṣáájú wà nínú àpò ìwé, nínú àpótí. Lábẹ́ àwòrán ńlá, àbúrò wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ pé: "Ìyá wa, nídìí aró."

Ọmọ wa tún ṣí ìwé náà. Kò béèrè èwo ni Ìyá Àgbà mọ́. Ohun tí ó béèrè ni pé, kí ni ó ń pa á lẹ́rìn-ín? Àwa àti àbúrò wa wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ mú àwòrán kan tọ̀ ọ́ lọ ní alẹ́ òní, kí ẹ sì bi í.