ARÁN KỌ́ LÓ Ń ṢE ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́, Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀ LÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ!

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà n'Ìbàdàn tí kò kàwé, ṣùgbọ́n orí ló ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Àfi bó ṣe di pé tó bá gbowó tán, á tún ní kí wọ́n mówó wá. Á bu kóńgò, kò ní mọ iye tó bù. Làwọn kan bá ní ìyá ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn ní ayé ló ṣe é.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, kò gbà. Òun ló rí i pé àtẹ́lẹwọ́ ìyá òun ti funfun, tó bá sì rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹ.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

"Kí ló kan ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbàgbé?"

Ó kàn án o! Èròjà irin ni ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn lọ sí ọpọlọ. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ìṣègùn l'Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí lára àgbà 2,552, ẹni 70 sí 79 ọdún, tí wọ́n fi ọdún 11 ṣọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, 23 ni àrùn ìgbàgbé mú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn pé, 17 ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tẹ́jẹ̀ rẹ̀ kéré ni yóò ṣarán, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ.

Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó 12. Ti ìyá jẹ́ 8. Àṣé ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn ara ríro nítorí orúnkún. Inú ti dégbò, ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kò sì sọ fẹ́nì kan. Ká ní oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n rà fún un, jíjò náà kò ní dá.

Dókítà wo ọgbẹ́ inú, ó fún un ní oògùn èròjà irin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá padà sọ́jà. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń rántí. Ọmọ rẹ̀ ti ń kọ gbèsè sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà kan ní òun ti sanwó, ìyá wò ó lójú, ó ní:

"Irọ́ ni. Kóńgò méjì, ọjọ́ tójò lé wa lọ́jà."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó tọwọ́ bàpò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàá nílé, kẹ́ ẹ tó ní ó ń ṣarán, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.