Orin Ìta Gbangba ní Anoumabo

Ọ̀dọ́ Anyama tó bá fẹ́ lọ wo àjọ̀dún orin FEMUA á wọ gbáká dé Adjamé, á tún wá ọkọ̀ mìíràn lọ sí Marcory. Ọ̀nà jìn, ilẹ̀ sì lè mọ́ kí orin tó dákẹ́. Òbí wo ni kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ì báà jẹ́ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀? Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní 2008 ni A'Salfo àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Magic System, dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ ní Anoumabo, àdúgbò mẹ̀kúnnù tí wọ́n ti dàgbà. Orin wọn, “1er Gaou”, ti sọ wọ́n di ìlú-mọ̀ọ́ká títí dé ilẹ̀ Faransé. Wọn ò gbàgbé ilé: nípasẹ̀ àjọ̀dún náà ni wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọdé.

Ìdájí 24 April 2016 ni ìbànújẹ́ dé. Papa Wemba, àgbà olórin Congo, ẹni ọdún 66, ń kọrin lọ́wọ́ lórí pèpéle, ló bá ṣubú. Àwọn oníjó tó wà níwájú rẹ̀ kò mọ̀; wọ́n ṣì ń jó. Àwọn tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò jí mọ́.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ lè tú ọjà ká. Síbẹ̀, ní 2017, wọ́n tún pé jọ, ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá irú rẹ̀. Àrùn Kòrónà ló dá wọn dúró ní 2020. Nígbà tó di September 2021, orin tún bẹ̀rẹ̀.